Bíréèkì Ọwọ́ ní Ẹsẹ̀ Òkè Ìdànrè

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn nínú yín yóò máa bi ara rẹ̀ pé kí ni ó kan ọmọ tí ń kọ́ ẹ̀kọ́ èdè nínú ọ̀rọ̀ bíréèkì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ara balẹ̀ fún mi. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọkọ̀ àtijọ́ kan ni ó là mí lójú sí òwe yìí ní àkókò ìsinmi, ní ìlú Ìdànrè, ní ìpínlẹ̀ Òǹdó. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí ohun tí à ń wá kiri nínú ìwé ìtàn, èyí ni pé kí ènìyàn tó sọ pé ohun àtijọ́ kan bàjẹ́, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ bèèrè bí àwọn tí ó ni ín ṣe ń lò ó.

Ẹni tí ó bá ti Àkúrẹ́ wọ Ìdànrè yóò rí i pé àpáta ni ó ni ilẹ̀ náà, ènìyàn kàn ń bá a gbé ni. Àpáta ńláńlá dúró yí ìlú ká. Àwọn òmíràn nínú wọn ga tó nǹkan bí 3,000 ẹsẹ̀ bàtà lókè ìtẹ́jú òkun. Lórí òkè yìí ni àwọn baba ńlá àwọn ará Ìdànrè ń gbé láyé àtijọ́, nínú ìlú tí wọ́n ń pè ní Ufẹ̀ Òkè. Ààfin Ọwá àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀ títí di òní, bẹ́ẹ̀ náà ni ilé ẹjọ́ àtijọ́ àti omi tí wọ́n ń pè ní Àpáàrá. Àtẹ̀gùn tí ó lé ní 600 ni a ó gùn kí a tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ní ọdún 2007, wọ́n kọ orúkọ òkè náà sínú ìwé àwọn ibi tí UNESCO lè yàn gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo ayé.

Àwọn ọ̀dọ́ ìwòyí a máa fi àwọn baba wọ̀nyí rẹ́rìn-ín. Wọn a ní, “Kí ni wọ́n ń wá lórí àpáta, nígbà tí ilẹ̀ pẹrẹsẹ wà nísàlẹ̀?” Wọn kò rántí pé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ogun gba ilẹ̀ Yorùbá kan. Ẹni tí ó bá ń gbé orí àpáta a máa rí ọ̀tá kí ọ̀tá tó rí i, ẹsẹ̀ ọ̀tá yóò sì ti rẹ̀ kí ó tó dé òkè. Nígbà tí ogun kásẹ̀ nílẹ̀, tí àwọn òyìnbó sì ń ṣàkóso, iṣẹ́ òkè náà yí padà. Ní nǹkan bí ọdún 1920 sí 1935, àwọn ènìyàn ń sọ̀kalẹ̀ wá sí àfonífojì, Òdòdè sì di ìlú ńlá. Oko kòkó wà nísàlẹ̀, ọ̀nà ọkọ̀ wà nísàlẹ̀. Mọ́tò kò lè gun àtẹ̀gùn.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè kò tí ì bọ́ lọ́wọ́ òkè. Òdòdè kún fún ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ohun tí ó bá sì ní ẹsẹ̀ róbótó kò mọ̀ ju kí ó yí lọ sísàlẹ̀ lọ. Lórí òkè, orí àti èjìká ni wọ́n fi ń ru ẹrù; bí ènìyàn bá dúró, ẹrù náà dúró. Nígbà tí a gba ọkọ̀ ni a tó bẹ̀rẹ̀ sí wá ohun tí yóò máa dá a dúró fún wa.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti ọkọ̀ náà. Ẹ̀gbọ́n mi kan tí ó ń ṣòwò kòkó ní Òdòdè ni ó rà á. MG ni, irú èyí tí a ń pè ní MGA. Abingdon, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ti ń ṣe é láti ọdún 1955 títí di ọdún 1962. Iye tí wọ́n ṣe lé ní 100,000, ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n sì kó èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn lọ. Ọkọ̀ ìjókòó méjì ni. Ó kúrú, ó sì ba sílẹ̀ bí ẹkùn tí ó fẹ́ fò mọ́ ẹran. Apá ọ̀tún ni sítíárìn rẹ̀ wà, nítorí pé ọwọ́ òsì ni ọkọ̀ ń gbà ní Nàìjíríà nígbà náà. Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni a tó yí sí ọwọ́ ọ̀tún. Bí ọkọ̀ yìí bá ń kọjá ní Òdòdè, àwọn ọmọdé a máa sáré tẹ̀ lé e, àwọn àgbà a sì máa mi orí.

Àbùkù kan ni ó ní: bíréèkì ọwọ́ rẹ̀ kì í mú. Bí o bá fà á sókè, yóò tún ṣubú padà lọ́gán. Ẹni tí ó tà á fún ẹ̀gbọ́n mi ti fi ìrépé rọ́bà túúbù kan sílẹ̀ fún un, pé kí ó máa fi so ọ̀pá náà bí ó bá fẹ́ gbé ọkọ̀ kalẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ṣe ń ṣe. Ní ọjọ́ kan, ó gbé ọkọ̀ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ iwájú ilé, ó fi rọ́bà so ó, a sì wọlé láti mu omi. A kò tí ì jókòó dáadáa tí a gbọ́ ariwo ní ìta pé, “Bíréèkì já! Bíréèkì já!” Nígbà tí a jáde, ọkọ̀ ti ń yí sẹ́yìn, ọmọbìnrin kékeré kan tí ó gbé omi rù sì ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀. Ọmọkùnrin ilé kejì, tí ó gbọ́n ju gbogbo wa lọ lọ́jọ́ náà, ju òkúta sábẹ́ táyà ẹ̀yìn. Táyà gun òkúta náà díẹ̀, ó sì dúró. Omi orí ọmọbìnrin náà dànù, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ le. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n títí di alẹ́ ọjọ́ náà.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ bíréèkì ti wọ̀ mí lára, tí mo sì lọ ka ìtàn rẹ̀.

Láyé àtijọ́, àwọn kẹ̀kẹ́ ẹrù tí ẹṣin ń fà nílẹ̀ àwọn òyìnbó, igi ni wọ́n fi ń dá wọn dúró: wọn a ti igi mọ́ etí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ títí yóò fi rọra dúró. Nígbà tí Karl Benz ti ilẹ̀ Jámánì ṣe ọkọ̀ rẹ̀ ní ọdún 1886, irú bíréèkì bẹ́ẹ̀ náà ni ó ní. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1888, ìyàwó rẹ̀, Bertha Benz, kó àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjì sínú ọkọ̀ láti Mannheim lọ sí Pforzheim, ìrìn tí ó lé ní 100 kìlómítà. Òkè àti àfonífojì ọ̀nà náà jẹ bíréèkì igi rẹ̀ tán. Ó yà sọ́dọ̀ àwọn oníṣẹ́ bàtà, ó ní kí wọ́n fi ìṣó kan awọ mọ́ igi náà lára. Báyìí ni obìnrin yìí ṣe wọ aṣọ fún bíréèkì. Bí mo bá sì gbọ́ tí àwọn mẹkáníìkì wa ń sọ pé ṣúù ti jẹ tán, mo máa ń rántí àwọn oníṣẹ́ bàtà wọ̀nyí.

Ní ọdún 1902, Louis Renault ti ilẹ̀ Faransé ṣe ètò mìíràn: ó fi ṣúù méjì pamọ́ sínú dúrọ́ọ̀mù irin, kí wọ́n máa fẹ̀ láti inú kí wọ́n sì máa há mọ́ dúrọ́ọ̀mù náà. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Herbert Frood bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ohun tí a fi ń bo ṣúù, títí ó fi kan asbestos, èyí tí iná kò lè tètè jó. Ó pẹ́ kí a tó mọ̀ pé eruku asbestos a máa ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ṣí dúrọ́ọ̀mù ọkọ̀ àtijọ́, kí ó má ṣe fẹnu fẹ́ eruku inú rẹ̀. Aṣọ tí a rẹ sínú omi ni kí ó fi nù ún.

Lẹ́yìn èyí ni òróró bọ́ sínú ọ̀rọ̀ náà. Láti nǹkan bí ọdún 1921 ni àwọn ọkọ̀ kan ní Amẹ́ríkà ti ń lo bíréèkì olóròóró, tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ tí òróró sì ń gbé agbára lọ sí táyà. Kì í ṣe gbogbo ilé iṣẹ́ ni ó tètè gbà á. Ọdún 1939 ni Ford tó fi sínú àwọn ọkọ̀ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n a fi ohun kan sílẹ̀ tí òróró kò fọwọ́ kàn, èyí ni bíréèkì ọwọ́. Ọ̀pá àti wáyà ni wọ́n fi sílẹ̀ fún un, kí ó lè jẹ́ pé bí òróró bá jò tán, ohun kan yóò ṣì wà tí ó lè di ọkọ̀ mú.

Nílẹ̀ tiwa ńkọ́? Ní ọdún 1901 ni ọkọ̀ ojú irin ti Èkó dé Ìbàdàn, ṣùgbọ́n kò yà sí ọ̀nà Òǹdó. Ní ọdún 1906 ni a la ọ̀nà mọ́tò láti Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́. Ní Èkó, W. A. Dawodu wà lára àwọn oníṣòwò tí ó kọ́kọ́ ń kó ọkọ̀ wọlé láti òkè òkun. Charlotte Obasa náà sì dá ọkọ̀ èrò Àǹfààní sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1913. Nígbà tí kòkó gbilẹ̀, lọ́rì wọ inú oko. Ibi tí ojú irin kò dé bí Ìdànrè, lọ́rì ni ó ni ẹrù ibẹ̀. Àwọn ọkọ̀ Ford kéékèèké ni wọ́n kọ́kọ́ pọ̀. Lẹ́yìn náà ni Bedford àti Austin dé, tí àwọn káfíńtà wa kan ilé pákó lé lórí, tí a sì sọ wọ́n ní bọ́lẹ̀kájà.

Ẹni tí ó bá mọ bọ́lẹ̀kájà yóò rántí ọmọ ọkọ̀ tí ó máa ń so rọ̀ lẹ́yìn. Wẹ́ẹ̀jì wà lọ́wọ́ ọmọ náà, igi líle tí a gé ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Bí lọ́rì bá gun òkè tí agbára rẹ̀ fẹ́ tán, ọmọ ọkọ̀ a bẹ́ sílẹ̀, a fi wẹ́ẹ̀jì sí abẹ́ táyà ẹ̀yìn. Bí lọ́rì bá tún sún síwájú díẹ̀, a tún gbé e tẹ̀ lé e. Bíréèkì ọwọ́ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè ti kú láti ọjọ́ pípẹ́. Ọmọ ènìyàn ni ó rọ́pò rẹ̀. Ó yẹ kí á rántí èyí nígbà tí a bá ń sọ ìtàn ọlà kòkó. A mọ orúkọ àwọn tí ó ra kòkó, a mọ orúkọ àwọn tí ó ni lọ́rì, ṣùgbọ́n ta ni ó kọ orúkọ àwọn ọmọ tí ó ń sáré tẹ̀ lé táyà pẹ̀lú igi lọ́wọ́, tí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ wọn lè lọ sí i bí wẹ́ẹ̀jì bá yọ̀?

Níbi yìí ni mo ti rí ohun tí ó kan ẹ̀kọ́ èdè. Ẹ gbọ́ orúkọ àwọn ohun èlò náà: bíréèkì, ṣúù, dúrọ́ọ̀mù, wẹ́ẹ̀jì, nọ́ọ̀tì, sípánà. Àlejò ni gbogbo wọn. Ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti wá, a sì fi fáwẹ̀lì sí wọn lára kí ẹnu wa lè gbà wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ àwọn ọ̀rọ̀ ìṣe: fà, tẹ̀, tú, dè, yọ, kì, já. Ọmọ ilé ni gbogbo wọn. Àwọn ohun èlò wá láti òkè òkun pẹ̀lú orúkọ wọn, ṣùgbọ́n èdè wa ni ọ̀gá fi kọ́ ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ní ohun tí yóò fi wọ́n ṣe.

Ẹ wá wo “bíréèkì já.” Okùn ni ó máa ń já. Bíréèkì olóròóró a máa jò, kì í já. Bí èmi ti rò ó, ọ̀rọ̀ yìí ń rántí ìgbà tí bíréèkì jẹ́ ọ̀pá àti wáyà, tí ó sì ń já ní tòótọ́, bí okùn ẹran ti ń já. Àwọn tí ó pariwo lọ́jọ́ yẹn ní Òdòdè kò mọ̀ pé ìtàn ni wọ́n ń sọ.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n júwe àgbà mẹkáníìkì kan fún wa, tí kì í ṣe iṣẹ́ lójoojúmọ́ mọ́. Nígbà èwe rẹ̀, ó ti ṣe ọmọ ọkọ̀ rí kí ó tó lọ kọ́ṣẹ́. A kí i, a sì dọ̀bálẹ̀. Ó bi wá pé, “Uṣẹ́ kí rèé?” nítorí pé ní Ìdànrè, “uṣẹ́” ni wọ́n ń pe “iṣẹ́,” gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń pe “ilé” ní “ulé.” Nígbà tí ó gbọ́ bí ọkọ̀ ti yí, ó wo ẹ̀gbọ́n mi.

“Ẹ kò fi í sí jíà?”

“A kò rántí, Bàbá.”

“Rọ́bà lẹ rántí.”

Kò wí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ó tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ó ní kí a gbé òkúta méjì wá, ó fi wọ́n ha táyà iwájú. Nígbà náà ni ó wọ inú ọkọ̀, ó di ọ̀pá bíréèkì mú, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ta ni ó sọ fún yín pé eléyìí bàjẹ́ pátápátá?”

Ó wá fi hàn wá. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bí o bá fa bíréèkì ọwọ́, eyín inú rẹ̀ yóò há fúnra rẹ̀. Ìgbà tí o bá fẹ́ tú u ni o ń tẹ bọ́tìnnì orí rẹ̀. Ti ọkọ̀ eré ìje yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Bí o bá fà á, kò ní há. Ó di ìgbà tí o bá fi àtàǹpàkò tẹ bọ́tìnnì kí ó tó há. Bí o bá fẹ́ tú u, o kàn tún fà á díẹ̀ ni, yóò sì ṣubú fúnra rẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé awakọ̀ ìje ń fẹ́ fa bíréèkì kí ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀ kíákíá, pàápàá nígbà tí ó bá fẹ́ gbéra ní orí òkè. Ohun tí a pè ní àbùkù, iṣẹ́ tí wọ́n dìídì ṣe ni. Ọwọ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ti kúrò lára ọkọ̀ náà, àwọn tí ó gbà á lẹ́yìn rẹ̀ kò bèèrè, wọ́n sì fi rọ́bà so ọgbọ́n mọ́lẹ̀.

Àmọ́ Bàbá kò parọ́ fún wa pé àìsàn kò sí rárá. Nígbà tí ó há ọ̀pá náà bí ó ti yẹ, tí a sì ti ọkọ̀, ó ṣì ń rìn díẹ̀. Ó fi jáàkì gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, ó gbé e lé orí igi ńlá méjì, nítorí pé kì í gbẹ́kẹ̀ lé jáàkì nìkan. Ó ní kí a jọ̀wọ́ bíréèkì ọwọ́ pátápátá, nítorí ọ̀dọ̀ ṣúù ni a ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọ̀dọ̀ wáyà. Ihò kan wà lára dúrọ́ọ̀mù. Ó ki sukurudíráfà bọ̀ ọ́, ó yí ohun tí ń tún ṣúù ṣe títí táyà kò fi lè yí mọ́, ó sì dá a padà díẹ̀ títí táyà fi ń yí láìsí pé ohun kan ń há a. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún èkejì.

Lẹ́yìn náà ni ó wọ abẹ́ ọkọ̀. Wáyà láti ọ̀dọ̀ ọ̀pá lọ bá irin kékeré kan ní ẹ̀yìn, irin náà ni ó ń pín agbára sí táyà ọ̀tún àti táyà òsì kí ọ̀kan má baà gba gbogbo rẹ̀. Irin yìí ti dípẹtà, kò lè mì. Wáyà náà ti gbẹ sínú àpò rẹ̀, ìpẹtà sì ti jẹ díẹ̀ nínú àwọn okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi lọ́ ọ. Ojú ibi tí a ń gba fi gíríìsì sí i wà níbẹ̀, ẹrẹ̀ ti dí i. Bóyá ó ti tó ogójì ọdún tí ẹnikẹ́ni ti wo ibẹ̀. Bàbá fọ irin náà, ó fi gíríìsì sí i, ó sì sọ pé wáyà kò ṣeé fi gbẹ́kẹ̀ lé mọ́. Ẹni tí ń tún wáyà ọ̀kadà ṣe ní Àkúrẹ́ kọ́, oníṣẹ́ irin kan tí ó mọ wáyà lọ́rì ni ó ṣe tuntun fún wa ní ìwọ̀n ti àtijọ́. Nígbà tí a dé e, Bàbá dè é láti ibi nọ́ọ̀tì tí ó wà ní ìdí ọ̀pá, ó kà á bí a ti ń fà á: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, ẹyin mẹ́rin, ó há. Ó ní bí a bá dè é ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣúù yóò máa jẹ ara rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá ń rìn.

A gbé ọkọ̀ lọ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ iwájú ilé. Ẹ̀gbọ́n mi fa ọ̀pá, ó fi àtàǹpàkò tẹ bọ́tìnnì, ó sì gbé ẹsẹ̀ kúrò. Ọkọ̀ kò mì. Ọmọbìnrin tí omi rẹ̀ dànù náà wà lára àwọn tí ó wá wòran. Bàbá kò pàtẹ́wọ́. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé òkúta kan, ó sì fi sí ẹ̀yìn táyà.

Mo ní, “Bàbá, ṣé kò tí ì dára ni?”

Ó ní, “Ó ti dára. Òkúta kò béèrè owó.”

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ohun tí mo fẹ́ kí á mú lọ nìyí. Púpọ̀ nínú àṣà wa ni a ti fi rọ́bà so mọ́lẹ̀, nítorí pé a fà á lẹ́ẹ̀kan, kò há, a sì sọ pé ó bàjẹ́. A kò bèèrè bóyá bọ́tìnnì kan wà tí ó yẹ kí á tẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ohun àtijọ́ ni ó dára. Wáyà tí ó ti jẹ ìpẹtà, a gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀, nítorí ẹ̀mí ọmọ ẹlòmíràn wà nísàlẹ̀ òkè. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá kọ́kọ́ bèèrè kò lè mọ èyí tí ó yẹ kí á pààrọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí ó yẹ kí á kọ́ bí a ti ń lò ó.

Àwọn àgbà tí ó mọ̀ kò pọ̀ mọ́. Bí ẹ bá lọ sílé ní ìsinmi tí ń bọ̀, ẹ yà sọ́dọ̀ mẹkáníìkì àgbà, ẹ yà sọ́dọ̀ ẹni tí ó ti ṣe ọmọ ọkọ̀ rí, ẹ kọ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sílẹ̀ kí ẹ sì mú un wá fún ẹgbẹ́ wa. Ilé ìkàwé ni wọ́n, wọn kò sì ní í wà níbẹ̀ títí láé.